Ẹni Tó Gun Alùpùpù Ìkẹyìn Wọlé

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kò sẹ́ni tó máa fi tipátipá mú un. Ṣùgbọ́n kó má pè é ní irọ́. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Títí dòní ló ṣì ń fa ìlà tó tọ́ bí okùn tí wọ́n ta. Wèrè kò lè fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe máa sọ ọ́.

Onílà ni gbogbo ènìyàn ń pè é níbi iṣẹ́. Ojú rẹ̀ dán bọ̀rọ́, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ìlà tó ń fà sára alùpùpù ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni, tó ń ṣe alùpùpù ìgbafẹ́, àwọn tó gùn gbọọrọ, tó sì rẹlẹ̀, tí ẹni tó bá gùn ún á na ẹsẹ̀ síwájú, á fẹ̀yìn tì, bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Nínú ilé-iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ ló ń ṣe ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà tí ògiri rẹ̀ funfun. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àkànṣe. Lọ́dọọdún, wọ́n á yọ alùpùpù díẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á tú wọn palẹ̀, wọ́n á sì fi ọwọ́ tún wọn tò. Ọ̀dà tiwọn yàtọ̀. Àga awọ wọn yàtọ̀. Irin ara wọn á máa dán bí omi inú àwo. Wọ́n á kan idẹ pẹlẹbẹ mọ́ orí táǹkì epo, wọ́n á fín nọ́ńbà sí i lára. Tí wọ́n bá ti ṣe èyí tó gbẹ̀yìn tán, Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù á da ọ̀dà tó kù nù, á sì fọ́ gbogbo mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Kò ní sí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ohun tí àwọn tó ń rà á ń wá gan-an nìyẹn, pé kò sí irú ẹ̀.

Agùnwò ni ọkọ Onílà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gun ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kó tó kúrò nílẹ̀. Á jáde lẹ́nu géètì, á tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri gígùn lọ, títí dé ìdí táǹkì omi gíga tó wà ní orítamẹ́ta. Á yí padà níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Aláròyé ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Tó bá ti ilé-ìwé dé, ṣọ́ọ̀bù ló máa ń wá, á jókòó sórí àpótí, á máa sọ̀rọ̀ títí ìyá àti bàbá rẹ̀ á fi ṣíwọ́.

Àṣírí kékeré kan wà láàárín tọkọtaya náà. Lábẹ́ táǹkì epo, níbi tí ojú kò lè dé àfi téèyàn bá dùbúlẹ̀ sílẹ̀, Onílà máa ń ká ìlà kan kóńkó, bí ìrù ọ̀gà. Aláròyé ló ń ká a fún. Láti ọdún tí wọ́n ti bí ọmọ náà ni kò ti sí alùpùpù tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìní in. Ọ̀gá kò mọ̀. Àwọn tó ń ra alùpùpù kò mọ̀.

Àkànṣe ọdún tí à ń wí yìí, ọ̀dà rẹ̀ dúdú bí ojú ọ̀run tó ṣú tí òjò kò tíì rọ̀. Ìlà wúrà ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ti gbé gbogbo wọn lọ, ó ku èyí tó gbẹ̀yìn.

Ọ̀sán ni. Oòrùn ń ràn. Fáànù ń yí lókè, Ọ̀gá ń fi òòlù kékeré tún irin kan ṣe ní kọ̀rọ̀. Onílà bu tíì fún ọkọ rẹ̀. Èéfín ń rú lórí rẹ̀.

"Fi sílẹ̀ kó tutù díẹ̀," ni Agùnwò wí. "Mo máa padà wá mu ún."

"Ẹ máa rọra o."

Ó dé àṣíborí. Ó gun alùpùpù náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jí. Ohùn rẹ̀ wúwo, kì í pariwo, ó ń kùn bí àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ nínú àyà ara rẹ̀. Ó jáde.

Onílà ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nínú kẹrosínì, ó sì ń gbọ́ ohùn náà bó ṣe ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ń kéré sí i. Ó ń kéré sí i. Ó wá dá. Kì í ṣe pé ó jìnnà títí etí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ó dá ni, bí ìgbà tí wọ́n bá fi àtẹ́lẹwọ́ di èèyàn lẹ́nu.

Ó gbé ojú sókè. Fáànù ń yí, kò gbọ́ fáànù. Ọ̀gá gbé òòlù sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lé irin, irin kò dún. Onílà fẹ́ la ẹnu. Ìgbà náà ni gbogbo ìró padà dé lẹ́ẹ̀kan náà, alùpùpù náà sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Agùnwò jókòó lórí rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ Onílà. Ọ̀dà inú rẹ̀ kò tíì ṣàn tán.

"Ẹ ti dé?"

Ó bọ́ àṣíborí. Ó wo ṣọ́ọ̀bù yíká, bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé, tó ń wò ó bóyá wọ́n ti tún ilé tò lẹ́yìn òun. Ojú rẹ̀ dúró lórí àpótí tí Aláròyé máa ń jókòó sí. Òfìfo ni àpótí náà, wọn kò tíì ṣíwọ́ nílé-ìwé.

"Ìyá Kékeré," ló wí, "o kú iṣẹ́."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá kékeré kẹ̀? Agùnwò, a ò mọ̀ pé ìyá àgbà ti wà nílé o."

"Ẹ bá mi bi í," ni Onílà wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mo ni ilé."

Agùnwò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé tíì rẹ̀, ó mu ún. Tíì náà ṣì gbóná.

Onílà mú aṣọ, ó lọ nu eruku ara alùpùpù. Ó ti mọ̀ pé kéèyàn ṣọ́ra fún sàlẹ́ńsà, torí alùpùpù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè bó èèyàn lára. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì kàn án. Ó fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó rọra tún fi ọwọ́ kàn án. Ó gbé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Tútù ni. Ó tutù bí irin tó sun ìta mọ́jú.

Ó nu ìyókù.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n délé. Aláròyé ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé orí tábìlì, nípa olùkọ́ wọn tó sùn lọ sórí àga, tí gbogbo kíláàsì wá dákẹ́ kó má baà jí. Agùnwò ń to àwo oúnjẹ. Onílà wo tábìlì náà. Àwo mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

"Àlejò ń bọ̀ ni?" ló bi í.

Agùnwò wo àwo náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó mọ ibi tí ọmọdé máa ń sá pamọ́ sí.

"Kékeré dà?"

"Kékeré wo, Bàbá mi?" ni Aláròyé bi í.

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó dìde. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó ṣí yàrá tó wà lápá òsì. Ó dúró síbẹ̀. Onílà tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà nínú yàrá náà, àti àpótí aṣọ tí wọn kì í wọ̀ mọ́.

"Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ńkọ́?" ni Agùnwò wí. Kò pariwo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ Onílà ló ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn Aláròyé, oyún kan wà. Kò dúró. Ó lo ìwọ̀nba oṣù, ó sì wálẹ̀. Wọn kò sọ fún ẹbí, wọn kò sọ fún ará. Àwọn méjèèjì pàápàá kò tún sọ ọ́ láàárín ara wọn mọ́. Yàrá yìí ni wọ́n ti kùn sílẹ̀ de ọmọ náà. Kì í ṣe nǹkan tí Agùnwò lè fi ṣe àwàdà. Onílà mọ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun," ló wí. "Ó ti rẹ̀ yín."

Wọ́n jẹun. Aláròyé ń sọ̀rọ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ń wò ó, ó sì ń dá a lóhùn dáadáa, ó mọ orúkọ olùkọ́ rẹ̀, ó mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó. Ibi tí ẹ̀rù ti ba Onílà gan-an nìyẹn. Gbogbo nǹkan ló mọ̀. Ó tún mọ nǹkan kan lé e, èyí tí kò sí.

Nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀, Agùnwò sún mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì pátápátá. Ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín. Àlàfo náà fẹ̀ tó ìbú ọmọdé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Onílà tètè dé ṣọ́ọ̀bù kí Ọ̀gá tó dé. Ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn dùbúlẹ̀, ó wọ abẹ́ alùpùpù náà, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ táǹkì.

Kóńkó tó fà wà níbẹ̀. Kóńkó kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó wò ó pẹ́. Ìlà kì í purọ́ fún ẹni tó ń fà á. Gbogbo ẹni tó ń fa ìlà ló ní bó ṣe ń gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ àti bó ṣe ń gbé e kúrò, bí ohùn ṣe yàtọ̀ sí ohùn. Ọwọ́ òun ni. Níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ti kúrò, ó tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, bí tòun ṣe máa ń tẹ̀. Kóńkó kejì kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí àbúrò ṣe ń kéré sí ẹ̀gbọ́n.

Òun kọ́ ló fà á.

Nígbà tí Ọ̀gá jáde lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá, ó ku òun àti ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń nu jígí. Onílà dúró sí òdìkejì alùpùpù náà.

"Ta ni yín?" ló bi í.

"Èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ta ni yín?"

Ó gbé aṣọ sílẹ̀. Ó ti ń retí ìbéèrè náà, ó hàn lójú rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ti jáde," ló wí. "Ìwọ lo bu tíì fún mi. Kékeré wà lórí àpótí yẹn, ó ń fi ọ̀dà kun èékánná, o sì ń bá a wí. Mo dé ìdí táǹkì omi. Mo yí. Gbogbo nǹkan bá dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n lábẹ́ mi, mi ò gbọ́ ọ. Ẹyẹ fò kọjá níwájú mi, mi ò gbọ́ ìyẹ́ rẹ̀. Mo rò pé etí mi ló di. Mo padà síbí. Àpótí wà níbẹ̀, kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀."

Onílà wo àpótí náà.

"Mo rò pé ẹ̀ ń fi mí ṣeré ni," ló wí. "Títí mo fi rí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn."

Ó yẹ kí ó bi í pé, ọkọ mi dà? Ìbéèrè náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn ló jáde.

"Ọkùnrin ni, àbí obìnrin?"

Agùnwò wò ó. Ó jọ pé ohun tó ń bi yé e díẹ̀díẹ̀. "Ọkùnrin ni."

Onílà àti ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ rí. Kò tíì tó àkókò tí wọ́n lè mọ̀ nígbà náà.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Èjí wà ní eyín iwájú rẹ̀. Kì í jẹ èèpo búrẹ́dì, inú àpò mi ló máa ń kó o sí. Tí o bá bá a wí, á ní, ẹ má bínú, Ìyá mi, ọwọ́ mi ló ṣe é, èmi kọ́."

Onílà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jáde kó tó mọ̀, ó sì gé láàárín ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà, ó ń bi í léèrè. Kì í ṣe níwájú ọmọ. Nígbà tí wọ́n bá ń fọ àwo, nígbà tí wọ́n bá ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ó máa ń sùn dáadáa? Ta ló jọ? Ṣé Aláròyé fẹ́ràn rẹ̀? Ọkùnrin náà ń dá a lóhùn, ó sì ń rẹ̀wẹ̀sì. Onílà mọ̀ pé òun ń yọ ọ́ jẹ bí ẹni yọ ẹran lára egungun, ṣùgbọ́n kò lè dákẹ́. Nígbà míì, á rántí ọkọ tirẹ̀, tó máa ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì tí plọ́ọ̀gì rẹ̀ dọ̀tí. Èyí kì í hanrun. Èyí máa ń kọ́kọ́ jí, á sì ti fi omi sórí iná. Ìtìjú á bá a pé òun ń fi wọ́n wéra.

Ní ọjọ́ kan, Aláròyé tọ̀ ọ́ wá nílé ìdáná. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ìyá mi, Bàbá mi ń sunkún nílé ìwẹ̀. Ó ṣí omi kí a má baà gbọ́."

"Má dá a lóhùn. Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é."

"Ọ̀fìnkìn kì í dárúkọ èèyàn," ni ọmọ náà wí.

Ọ̀gá wá mú ọ̀rọ̀ wá. Ẹni tó ra alùpùpù ìkẹyìn náà ń bọ̀ wá gbé e. Lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ máa dé. Ọ̀gá ti da ọ̀dà àkànṣe náà nù, ó sì ti fọ́ àwọn mọ́ọ̀dù. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá lọ jẹun. Oòrùn wọ ojú fèrèsé, ó tàn sí ara táǹkì dúdú náà, ìlà wúrà sì ń kọ mànà. Agùnwò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Onílà. Kò nawọ́ mú un.

"Mi ò ní jí i gùn," ló wí. "Tí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi lọ látọjọ́ yìí?"

"Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀nà yẹn ṣì ṣí. Mi ò sì fẹ́ lọ kí ẹnikẹ́ni má padà wá. Kí n má lọ sọ ìwọ di opó, kí n má sì dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi." Ó wo Onílà. "Ojú kan náà ni ìwọ àti òun ní. Mi ò lè fi ojú yẹn sílẹ̀ láìdágbére."

Onílà mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìṣó. Ó tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbé mi dání," ló wí.

Ọkùnrin náà wo alùpùpù. Onílà náà wò ó. Àga awọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó rí wẹ́rẹ́, ó gùn dé ibi tí ìdí ẹnì kan lè gbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya àkànṣe náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àga náà, irin ìbòjú táyà ló kù, tó ń dán bíi dígí. Kò sí ibi tí ẹlòmíràn lè fẹsẹ̀ lé.

"Àga ẹnìkan ni," ló wí.

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fa ìlà etí ẹ̀." Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́. "Tí ẹ bá pàdé ọkọ mi lọ́nà, ẹ sọ fún un pé tíì rẹ̀ ti tutù."

"Màá sọ fún un."

"Kí ẹ sì..." Kò mọ ohun tó fẹ́ rán an sí ọmọ náà. Kò sí ọ̀rọ̀ tó tó o. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu imú. "Kí ẹ máa fipá mú un jẹ èèpo búrẹ́dì. Ó dára fún un."

Ọkùnrin náà fi orí dáhùn. Ó dé àṣíborí. Ẹ́ńjìnnì jí. Ó jáde sínú oòrùn, ó sì tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ.

Bó ṣe lọ tán ni Aláròyé wọlé, báàgì lẹ́yìn. Wọ́n ti tètè ṣíwọ́ nílé-ìwé lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀.

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Ó lọ gun alùpùpù wò."

"Ṣé kò tíì gùn ún wò tẹ́lẹ̀ ni?"

"Sọ̀rọ̀ rẹ jẹ́jẹ́. Mò ń gbọ́ nǹkan."

Ohùn náà ń kéré sí i. Ọ̀gá ti dé, ó ń nu ẹnu. Ó bi Onílà pé ta ló gbé alùpùpù oníbàárà jáde. Onílà ti di etí tábìlì mú. Ó ń retí rẹ̀.

Ó dá.

Fáànù ń yí láìdún. Ẹnu Ọ̀gá ń lọ sókè sódò, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Aláròyé ń sọ̀rọ̀ lórí àpótí, ẹnu rẹ̀ ń yára, kò sí ohùn. Ọmọ náà rí i pé òun kò gbọ́ ohùn ara òun. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀fun. Ó wo ìyá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́. Onílà ní òun rí eruku tó ń rọ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn, òun sì rò pé tó bá balẹ̀, òun á gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, ìró dé. Alùpùpù náà wà lẹ́nu ọ̀nà.

Agùnwò wà lórí rẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó bọ́ àṣíborí, ó sì na ẹ̀yìn bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń nà án, apá kan ṣáájú, apá kejì tẹ̀ lé e. Àyà Onílà sọ̀ kalẹ̀. Omi lé sí i lójú.

"Onílà mi," ló wí, "tíì mi ńkọ́? Mo ní kí o fi sílẹ̀ kó tutù díẹ̀."

"Ó ti tutù jù," ni Onílà wí. "Màá bu òmíràn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rìn wọlé, ó fi àṣíborí kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan èjìká Onílà bó ṣe ń kọjá. Òórùn rẹ̀ ni, epo àti ọṣẹ. Ó rí ọmọ lórí àpótí. Ó dúró, ó sì fi ojú rere wò ó, bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tí oníbàárà mú dání.

"Pẹ̀lẹ́ o," ló wí. "Ọmọ ta nìyí?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Agùnwò, àwàdà rẹ ti ń pọ̀ jù."

Kò sẹ́ni tó bá Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wo Onílà, ó ń retí ìdáhùn. Kò sí ẹ̀tàn lójú rẹ̀. Aláròyé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ọkọ̀ ẹrù oníbàárà wọlé lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé pákó sílẹ̀ láti fi yí alùpùpù náà gòkè. Onílà ní òun lè dá wọn dúró. Òun lè ní ó ku ìlà kan, tàbí pé búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ kò dára. Òun lè fún ọkùnrin yìí ní kọ́kọ́rọ́, kóun ní kó tún lọ yí ní ìdí táǹkì omi. Ó rò ó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún wọlé? Èyí kò mọ ọmọ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e ńkọ́, tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, tí ó wo òun lójú, tí ó sì bi Ọ̀gá pé, obìnrin wo nìyí?

Wọ́n de alùpùpù náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ta aṣọ lé e. Ọkọ̀ náà gbé e lọ, ó gba apá ibòmíràn, kò gba ìdí táǹkì omi.

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn lọ sílé. Onílà ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó ní bàbá rẹ̀ fi orí gbá nǹkan, pé kó ní sùúrù fún un. Kò mọ ohun tó tún lè sọ. Kò tíì sọ nǹkan kan fún ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wo ọmọ náà látìgbàdégbà, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa ṣàlàyé fún òun tó bá yá.

Wọ́n dé etí títì ńlá. Mọ́tò ń sáré kọjá. Ibẹ̀ ni Aláròyé ti máa ń di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú kí wọ́n tó fò ó. Ó dúró. Ó wo ojú ọkùnrin náà fún ìgbà pípẹ́. Ó na ọwọ́ sí i.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ kékeré náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń bọ àlejò lọ́wọ́, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.